Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Ìdílé Tí Kò Nílé Ṣe Lè Rí Ilé, Kí Ilé Náà sì Dúró Mọ́ Wọn Lọ́wọ́

Ta ni a ń pè ní ìdílé aláìnílé? Ṣé ẹni tó ń sùn sójú títì nìkan ni?

Rárá. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ afárá ni ojú gbogbo ayé ń rí, ṣùgbọ́n ìdílé tó ní ọmọ kì í sábà fara hàn níbẹ̀, nítorí pé òbí yóò ṣe gbogbo ohun tó bá wà ní agbára rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà sùn sí gbangba. Ọ̀pọ̀ wọn ń fara wọ́ ní pálọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, àwọn kan wà ní ibùdó ààbò, ìyẹn ibi tí wọ́n ń gba aláìnílé sí fún ìgbà díẹ̀, àwọn mìíràn sì wà nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀ bóyá ti ọ̀la yóò ṣeé san.

Ní ọdún 2005, FEANTSA, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àìnílé ní Yúróòpù, gbé ìpínsísọ̀rí kan jáde tí wọ́n pè ní ETHOS. Ó pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́rin: ẹni tí kò ní òrùlé lórí rárá, ẹni tó ní ibi tó ń sùn sí ṣùgbọ́n tí ibẹ̀ kì í ṣe ilé rẹ̀, ẹni tí wọ́n lè lé jáde nígbàkígbà tàbí tí ewu wà fún un nínú ilé tó ń gbé, àti ẹni tí ilé rẹ̀ kò yẹ kí ènìyàn máa gbé. Bí ìdílé yín bá bọ́ sí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ti tó ẹni tí ń béèrè fún ìrànlọ́wọ́. Kò dìgbà tí ẹ bá dé ìta.

Kí ló ń sọ ìdílé di aláìnílé?

Ohun tó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé owó ilé ju agbára owó tó ń wọlé lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé kí owó ilé má kọjá ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìdílé. Ẹni tó ń fi ìdajì owó rẹ̀ san owó ilé kò ní ohun tí yóò fi gba ìjì sí. Bí iṣẹ́ bá bọ́, bí ọmọ bá ṣàìsàn, bí tọkọtaya bá pínyà, tàbí bí onílé bá fi owó kún owó ilé lójijì, ilé náà ni yóò kọ́kọ́ mì. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gun orí ẹni: gbèsè iná, gbèsè owó ilé-ìwé àti èlé owó tí a yá yóò tẹ̀lé e.

Ìwà ipá nínú ilé, ogun, ìkún omi àti iná pẹ̀lú ń lé ìdílé jáde. Ohun tí kì í sábà jẹ́ ìdí rẹ̀ ni ìwà ọ̀lẹ tí àwọn ènìyàn máa ń rò. Ọ̀pọ̀ òbí tó wà ní ibùdó ààbò ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀.

Ṣé ẹ̀tọ́ ni ilé jẹ́, àbí àánú ni wọ́n ń ṣe fún wa?

Ẹ̀tọ́ ni. Abala 25 nínú Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 dárúkọ ilé pọ̀ mọ́ oúnjẹ, aṣọ àti ìtọ́jú ara. Abala 11 nínú májẹ̀mú àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọrọ̀-ajé, àwùjọ àti àṣà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1966, tún un sọ. Ní ọdún 1991, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó májẹ̀mú náà ṣàlàyé pé òrùlé lásán kò tó láti pè ní ilé: ó gbọ́dọ̀ ní ààbò òfin tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lé ènìyàn bí wọ́n ṣe fẹ́, omi àti ìmọ́tótó gbọ́dọ̀ wà, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé san, ó gbọ́dọ̀ ṣeé gbé, abirùn àti arúgbó gbọ́dọ̀ lè wọ inú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí iṣẹ́ àti ilé-ìwé, ó sì gbọ́dọ̀ bá àṣà ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ mu.

Òótọ́ ni pé orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ni bí ẹ̀tọ́ yìí ṣe lágbára nílé ẹjọ́ fi yàtọ̀ síra. Síbẹ̀, ó yẹ kí ìdílé mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wọ ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni, nítorí pé bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni òun wá béèrè ṣe ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni ẹni tó rò pé òun wá tọrọ báárà ṣe ń sọ̀rọ̀.

A ṣì wà nínú ilé, ṣùgbọ́n a ti jẹ gbèsè, ìwé kúìtì sì ti dé. Kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má ṣe kó jáde. Ìwé tí onílé fúnra rẹ̀ kọ kì í ṣe ìdájọ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé ẹjọ́ nìkan ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n lé ayálégbé jáde, onílé tó bá sì yí kọ́kọ́rọ́ padà tàbí tó já òrùlé kí ilé ẹjọ́ tó sọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin. Ẹ ka ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ òfin ilé gbígbé, yálà agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tàbí àjọ tó ń dúró fún àwọn ayálégbé. Bí wọ́n bá pè yín sílé ẹjọ́, ẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló pàdánù ilé wọn kìkì nítorí pé ojú tì wọ́n láti fara hàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ó tó tún wá bá yín. Ẹ má ṣe sọ pé "ẹ ṣe sùúrù fún wa" nìkan, nítorí pé ó ti gbọ́ ìyẹn rí. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san lónìí, iye tí ẹ óò máa fi kún owó ilé lóṣooṣù títí gbèsè yóò fi tán, àti ọjọ́ tí owó yóò máa wọlé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ wá alárinà tí ẹ̀yin méjèèjì yóò bọ̀wọ̀ fún. Owó ni onílé fẹ́ ju yàrá òfìfo lọ, nítorí pé wíwá ayálégbé tuntun pẹ̀lú ń ná an lówó.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú ìwádìí. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, àwọn tí owó ilé fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ máa ń pe nọ́ńbà kan fún ìrànwọ́ owó, ṣùgbọ́n owó tó wà nílẹ̀ fún ìrànwọ́ náà máa ń tán nígbà mìíràn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àwọn tó pè nígbà tí owó wà wé àwọn tó pè nígbà tí kò sí, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, wọ́n rí i pé ìdá 76 nínú 100 ni iye àwọn tó wọ ibùdó ààbò láàárín oṣù mẹ́fà fi dín kù láàárín àwọn tó bá owó nílẹ̀. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2017 tilẹ̀ mú un ní dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ láti ran ẹni tó lè di aláìnílé láàárín ọjọ́ 56 lọ́wọ́, dípò ọjọ́ 28 tó wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ bá ti jẹ gbèsè ni kí ẹ ti wá ìrànlọ́wọ́, kí ẹ má ṣe dúró di oṣù kẹta.

A kò ní ibi tí a óò sùn lálẹ́ òní. Ibo ni ká lọ?

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé, ibùdó ààbò, tàbí ilé ìjọsìn tó bá súnmọ́ yín, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ béèrè kíákíá bóyá wọ́n ń gba gbogbo ìdílé pọ̀, nítorí pé àwọn ibùdó kan kì í gba bàbá tàbí ọmọkùnrin tó ti bàlágà. Bí ibùdó bá fẹ́ pín yín níyà, ẹ béèrè òmíràn kí ẹ tó gbà. Bí ìwà ipá bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́.

Àwọn ìwé wo ni ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wa?

Káàdì ìdánimọ̀ àwọn àgbà, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn, ẹ̀rí owó tó ń wọlé, ìwé àdéhùn ilé tí ẹ ti gbé rí, àti àwọn rìsíìtì owó ilé tí ẹ ti san. Mo ti rí ìyá kan tó di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, ọ̀kan wọ inú èkejì, tó sì so ó mọ́ abẹ́ aṣọ rẹ̀. Kò sí ìwé kan tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mú jáde. Ẹ tún ya àwòrán wọn sórí fóònù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni kan tí ẹ fọkàn tán. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba òmíràn lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé, nítorí pé gbígba ìwé a máa pẹ́ ju rírí ilé lọ nígbà mìíràn.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ?

Bí ó bá ṣeé ṣe rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sí ilé-ìwé tí wọ́n ti wà. Nígbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá ti yí padà, àga kan náà, olùkọ́ kan náà àti ọ̀rẹ́ kan náà ni ohun tí kò yí padà fún ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin McKinney-Vento, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1987 tí wọ́n sì ti tún ṣe láti ìgbà náà, fún ọmọ tí kò nílé ní ẹ̀tọ́ láti dúró sí ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n sì pèsè ọkọ̀ tí yóò máa gbé e. Ó sì ka ọmọ tí ìdílé rẹ̀ fara wọ́ nílé ẹlòmíràn mọ́ wọn. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí níbi tí ẹ wà, ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo kíláàsì gbọ́.

Ṣé kò yẹ kí ìdílé kọ́kọ́ rí iṣẹ́, kí wọ́n san gbèsè wọn tán, kí wọ́n tó fún wọn nílé?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é báyẹn, tí ìdílé ń gun àkàbà láti ibùdó dé ibùdó kí wọ́n tó "yẹ" fún ilé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ ibi tí òun yóò sùn lọ́la kò lè wá iṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò ní àdírẹ́sì tí yóò kọ sí ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́, kò sì ní ibi tí yóò fi ọmọ sí.

Ní ọdún 1992, Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní New York tó yí ọ̀rọ̀ náà padà: kí ènìyàn kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé, kí ìrànlọ́wọ́ yòókù sì bá a nínú ilé náà. Housing First, ìyẹn "ilé ni àkọ́kọ́", ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dá wà tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Finland sọ ọ́ di ètò orílẹ̀-èdè láti ọdún 2008, wọ́n sì sọ àwọn ibùdó onígbà díẹ̀ di ilé tí ayálégbé ní ìwé àdéhùn tirẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ ìdílé mu dáadáa: ilé ni a fi ń tún ayé ṣe, kì í ṣe ẹ̀bùn ẹni tó ti tún ayé rẹ̀ ṣe tán.

Irú ìrànwọ́ wo ló wúlò jù fún ìdílé tó ti wà ní ibùdó ààbò?

Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ìbéèrè yìí gan-an. Láti ọdún 2010 sí 2012, wọ́n gba ìdílé 2,282 láti ibùdó ààbò ní agbègbè 12, wọ́n sì fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn kan láǹfààní sí owó ìrànwọ́ ilé tí kò ní gbèdéke kúkúrú, àwọn kan sí owó ilé fún ìgbà díẹ̀ tí kò ju oṣù 18 lọ, àwọn kan sí ilé onígbà díẹ̀ tó ní ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ràn nínú, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí ibùdó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Owó ìrànwọ́ ilé ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló borí. Ó dín ìpadà sínú àìnílé kù ní ìlàjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kò pààrọ̀ ilé-ìwé lemọ́lemọ́ mọ́. Ìdààmú ọkàn àwọn òbí àti ìwà ipá tí olólùfẹ́ ń hù sí wọn náà dín kù. Ilé onígbà díẹ̀ tó ní ẹ̀kọ́ nínú ná wọn lówó púpọ̀, èrè rẹ̀ kò sì tó nǹkan lára ìdílé. Owó ilé tí wọ́n ń san fún ìgbà díẹ̀ kò mú àyípadà ńlá wá, ṣùgbọ́n òun ló dínwó jù. Bí ó bá jẹ́ pé èyí nìkan ni àjọ kan lè ṣe, kí ó ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ṣèlérí ju bó ti mọ lọ fún ìdílé.

Àwọn onílé kì í fẹ́ gba ìdílé tó ti jẹ gbèsè rí. Báwo ni a ṣe lè yí wọn lọ́kàn padà?

Ìbẹ̀rù onílé mẹ́ta ni: pé owó kò ní wọlé, pé wọn yóò ba ilé jẹ́, àti pé bí ìjà bá dé, òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àjọ tó ń ran ìdílé lọ́wọ́ lè san owó ìdógò tí onílé máa ń gbà nítorí ohun tó lè bàjẹ́, ó lè dúró bí onígbọ̀wọ́ fún oṣù mélòó kan, ó sì lè fún onílé ní nọ́ńbà ẹni kan tí yóò gbé fóònù nígbà tó bá pè.

Kókó ọ̀rọ̀ wà nínú nọ́ńbà yẹn. Mo ti bá àwọn onílé pàdé tí wọn kò béèrè owó kún owó, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kò ju pé ẹni kan yóò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ tí páìpù bá bẹ́ tàbí tí ariwo bá pọ̀. Ẹ gbé fóònù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá pè. Onílé náà yóò pè yín fúnra rẹ̀ nígbà tí yàrá mìíràn bá ṣófo. Ní ti gbèsè àtijọ́, kí ìdílé sọ ọ́ fúnra wọn kí onílé tó gbọ́ ọ níta, kí wọ́n sì fi rìsíìtì ohun tí wọ́n ti san níbẹ̀ hàn án.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé a óò lè máa san owó ilé tuntun yìí?

Ẹ má ṣe wo ìdá 30 nìkan. Ẹ yọ owó ilé kúrò nínú owó tó ń wọlé, kí ẹ sì bi ara yín bóyá èyí tó kù yóò tó fún oúnjẹ, ọkọ̀, iná, omi, oògùn àti ilé-ìwé. Ilé tí owó rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tó jìnnà réré síbi iṣẹ́ lè wọ́n ju èyí tó súnmọ́ lọ tí ẹ bá ṣírò owó ọkọ̀ àti wákàtí tí ọmọ yóò máa dá wà. Bí owó tó ń wọlé bá ń yí lójoojúmọ́, ẹ fi oṣù tó burú jù nínú ọdún ṣírò.

A ti wọlé tuntun. Kí ló máa ń mú ìdílé pàdánù ilé lẹ́ẹ̀kejì?

Inú oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ewu pọ̀ sí, kì í sì í ṣe owó nìkan ló ń fà á. Ìbátan tí kò ní ibi tí yóò lọ yóò wá sùn fún ọjọ́ méjì, yóò sì di oṣù méjì, ìwé àdéhùn kò sì gba iye ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ti ní ibi tí yóò ti ṣeré láti ọjọ́ pípẹ́ yóò pariwo, ará ilé yóò sì fi ẹjọ́ sun onílé. Òbí yóò rí lẹ́tà, kò ní ṣí i, nítorí pé lẹ́tà tí ó ti gbà rí kò mú ire wá. Àwọn ọmọ mìíràn kì í tú aṣọ wọn sílẹ̀ láti inú báàgì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ń sùn pẹ̀lú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, nítorí pé ara wọn kò tíì gbà pé àwọn ti dé.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olùrànlọ́wọ́ fún ìdílé ní kọ́kọ́rọ́ kí ó sì máa lọ. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Critical Time Intervention, ìyẹn ìrànlọ́wọ́ ní àkókò tó ṣe kókó, tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní New York fún àwọn tó ń kúrò ní ibùdó ààbò. Oṣù mẹ́sàn-án ni, ní ìpele oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ní ìpele kìn-ín-ní, òṣìṣẹ́ ń wá sílé lemọ́lemọ́. Ní ìkejì, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí ìdílé lè dán ara wọn wò. Ní ìkẹta, ó ń fi wọ́n lé àwọn ará àdúgbò, dókítà àti ẹgbẹ́ tí yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń rọ ìdílé láti ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ògiri àti fèrèsé ilé pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ di tiwọn. Kí wọ́n ṣètò kí owó ilé jáde ní ọjọ́ kan náà tí owó oṣù bá wọlé, ṣáájú gbogbo ohun mìíràn. Kí wọ́n sì kí àwọn ará ilé.

Mo sá kúrò nílé nítorí ìwà ipá. Ṣé èmi àti àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ dúró sí ibùdó ààbò?

Kò di dandan. Ní àwọn ibì kan, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí ẹni tó ń lù yín jáde kúrò nílé, kí ìyá àti ọmọ sì dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí ẹ tó yọ orúkọ yín kúrò nínú ìwé àdéhùn ilé náà. Bí kò bá sí ààbò níbẹ̀, ẹ kúrò, kí ẹ sì pa ohun tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn lórí fóònù yín. Ẹ sọ fún olùrànlọ́wọ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì yín tuntun síbi tí ẹlòmíràn yóò ti rí i, pàápàá ní ilé-ìwé àwọn ọmọ, nítorí pé ibẹ̀ ló ti máa ń tú jáde.

Ṣé wọ́n lè gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa nítorí pé a kò nílé?

Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ òbí fara pamọ́, mo sì mọ bó ti rí lára. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò sí lábẹ́ òbí, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2009, sọ gbangba pé òṣì nìkan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Àmì ló jẹ́ pé ìdílé náà nílò ìrànlọ́wọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń tẹ̀lé e. Ẹ máa kọ gbogbo ibi tí ẹ ti wá ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ẹ rí, nítorí pé ìwé yẹn ni yóò fi hàn pé ẹ kò fi ọmọ yín sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ gbígba ọmọ sílẹ̀, ẹ ní kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Olùrànlọ́wọ́ ni mí. Ìdílé kan kọ ilé tí mo fi agbára káká rí fún wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ béèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ parí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń lù wọ́n ń gbé ní àdúgbò náà, pé àtẹ̀gùn ilé náà pọ̀ jù fún ìyá àgbà, tàbí pé kò sí ọkọ̀ tó ń dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ilé tí wọ́n bá fi ipá mú wọn wọ̀, wọn yóò tún kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ilé kan ṣoṣo, ẹ sọ òótọ́ náà fún wọn: bí ó ṣe lè pẹ́ tó kí òmíràn tó yọjú, àti ibi tí wọn yóò wà títí di ìgbà náà. Kí wọ́n sì yàn fúnra wọn.

Ìgbà wo ni a lè fi ìdílé sílẹ̀ kí wọ́n máa dá rìn?

Kì í ṣe ọjọ́ tí owó ètò bá tán ló yẹ kó pinnu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Mo máa ń wò bóyá wọ́n ti san owó ilé fún oṣù mélòó kan tẹ̀léra láìjẹ́ pé mo rán wọn létí, bóyá wọ́n ti fúnra wọn bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bàjẹ́, bóyá ẹnì kan wà ní àdúgbò tó lè bá wọn mójú tó ọmọ fún wákàtí kan. Mo tún máa ń wo ibi tí báàgì àwọn ọmọ wà. Nígbà tí aṣọ bá ti kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti gbé báàgì òfìfo náà sókè àká, ìbẹ̀wò lè máa dín kù. Ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bí owó oṣù kan bá kùnà, kí wọ́n pè kí ti oṣù kejì tó wọlé.